Òdòdó Àlejò ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Àlàyé lórí Gbígbin Igi Ìdílé Protea sí Àyíká Ilé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ògùn Waterside

1.0 Ìfáárà

Igi gbígbìn sí àyíká ilé kì í ṣe àṣà tuntun láàárín àwọn Yorùbá. Láyé àtijọ́, ìwúlò igi ni a kọ́kọ́ ń wò kí a tó gbìn ín. Pèrègún wà fún ààlà ilẹ̀ àti ojúbọ. Akòko wà fún oyè jíjẹ. Ewúro wà fún ọbẹ̀ àti àgbo. Làpálàpá sì wà fún ọgbà yíyí ká. Ẹwà ń bẹ lára àwọn igi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹwà wọn ń tẹ̀lé ìwúlò wọn ni. Ní ayé òde òní, àṣà mìíràn ti gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́: a ń gbin igi nítorí ẹwà òdòdó tàbí ewé rẹ̀ nìkan. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè ní fúláwà, ì báà tanná, ì báà má tanná.

Àṣà yìí hàn gbangba ní àwọn ìlú tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé tuntun ti pọ̀ sí i láti ìgbà tí a ti dá yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1982, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní 2001. Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú oníkòkó, olóbì àti oníṣòwò gẹdú, náà ti gbòòrò kọjá àdúgbò rẹ̀ àtijọ́ márààrún: Òkè-Àgbò, Òjòwò, Àtìkòrì, Òkè-Ṣópin àti Jápárá. Ní Ògùn Waterside, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Abígi, ilé ń súnmọ́ etí omi. Bí ilé bá ti ń pọ̀ ni ìfẹ́ sí òdòdó àjèjì ń pọ̀, pàápàá irú èyí tí a máa ń rí nínú ìwé àwòrán àti nínú ìdì òdòdó tí a ń kó wá láti òkè òkun.

Lára àwọn òdòdó bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí ó ń fa ojú mọ́ra tó ti ìdílé Protea. Orí òdòdó kan ṣoṣo nínú wọn lè tóbi tó àwo ọbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Èkíní, irú igi wo ni ìdílé yìí, kí sì ni ó ń fẹ́? Èkejì, ǹjẹ́ ilẹ̀ àti ojú-ọjọ́ Ìjẹ̀bú lè gbà á? Ẹ̀kẹta, bí kò bá lè gba gbogbo rẹ̀, kí ni ó yẹ kí onílé gbìn dípò? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Owó wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn omi àti igbó tí ó wà nítòsí ilé pàápàá wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

2.0 Ilẹ̀ àti Ojú-ọjọ́ Agbègbè Náà

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà, ilẹ̀ ni ó yẹ kí a wò kí a tó yan igi. Agbègbè mẹ́ta tí a dárúkọ yìí kò ní irú ilẹ̀ kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú ni gbogbo wọn.

Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà lórí àpáta àtayébáyé. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ wọn, ìpele òkè a máa jẹ́ ilẹ̀ dúdú tí ó ní iyanrìn díẹ̀ nínú; lẹ́yìn rẹ̀ ni amọ̀ pupa, tí òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí sì máa ń wà láàárín rẹ̀. Amọ̀ yìí ń di omi mú. Ìdí nìyí tí kòkó fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀: gbòǹgbò kòkó ń fẹ́ ilẹ̀ tí kì í tètè gbẹ. Ohun tí ó sàn fún kòkó yìí ni ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn igi ìdílé Protea.

Ní Ògùn Waterside, àpáta kò sí nítòsí. Iyanrìn tí omi kó jọ láti ìgbà pípẹ́ ni ó tẹ́ ilẹ̀ náà, ó sì ń lọ báyìí títí dé àbàtà, igbó ògùrọ̀ àti ọ̀sà. Iyanrìn yìí kì í di omi mú, òjò sì ti fọ púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ó kan, bẹ́ẹ̀ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò pọ̀. Lójú àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gbin àgbàdo, ilẹ̀ tí ó ti ṣá ni. Lójú igi Protea, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ti ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn wà níbẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà sí òkè rárá. Nígbà òjò, gbòǹgbò tí ó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ ti kan omi.

Ní ti ojú-ọjọ́, òjò agbègbè yìí ń lé ní 1,500 mìlímítà lọ́dún, ó sì ń pọ̀ sí i bí a bá ti ń súnmọ́ òkun. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì tún ń rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹ̀ẹ̀rùn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ọyẹ́ sì lè fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin ní ọ̀pọ̀ oṣù, òru rẹ̀ kì í sì í tutù púpọ̀. A ní láti fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá ń ka ohun tí ó tẹ̀lé e.

3.0 Ìdílé Protea

3.1 Orúkọ àti ibi tí wọ́n wà

Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ Swídìn, ni ó fún Protea ní orúkọ ní 1735. Ó mú orúkọ náà láti ara Proteus, òrìṣà omi àwọn Gíríìkì tí ó lè para dà sí oríṣiríṣi ìrísí. Orúkọ náà bá ìdílé yìí mu, nítorí pé àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò jọra wọn. Àwọn kan jẹ́ igi ńlá, àwọn kan kò ga ju orúnkún lọ. Ewé àwọn kan rí bí abẹ́rẹ́, ti àwọn mìíràn sì fẹ̀. Irú igi tí ó wà nínú ìdílé náà tó nǹkan bí 1,700, tí a pín sí ẹ̀yà bí 80. Austrálíà àti gúúsù Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn wà. Láti gúúsù Áfíríkà ni Protea gan-an, Leucospermum àti Leucadendron ti wá. Láti Austrálíà ni Banksia, Grevillea àti Macadamia ti wá. Igi tí ń so ẹ̀pà òyìnbó olówó iyebíye tí a ń pè ní makadámíà wà nínú ìdílé yìí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Protea cynaroides, òdòdó orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, tí orí rẹ̀ lè fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé ìdílé yìí kì í ṣe àlejò pátápátá ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Protea madiensis ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọ̀dàn, títí kan àwọn ilẹ̀ gíga Nàìjíríà bí ti Jos àti Mambilla. Igi kúkurú ni. Bí iná ọ̀dàn bá jó o, yóò tún rú láti ìdí rẹ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dàn àti orí òkè ni, kì í ṣe ọmọ igbó kìjikìji. Pé igi kan wà ní Nàìjíríà kò túmọ̀ sí pé ó lè gbé ní ibi gbogbo ní Nàìjíríà.

3.2 Ohun tí ojú ń rí bí òdòdó

Ohun tí ó ń dán lára Protea, tí ojú ń pè ní òdòdó, kì í ṣe òdòdó ní tòótọ́. Ewé tí ó para dà ni. Àwọn ewé wọ̀nyí pa ara pọ̀ yí òdòdó kéékèèké tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ ká, wọ́n sì gba àwọ̀ pupa, àwọ̀ osùn tàbí funfun láti pe ẹyẹ tí ń fa omi dídùn inú òdòdó. Nítorí pé ewé ni wọ́n, wọn kì í tètè rọ. Ìdí nìyí tí òdòdó Protea fi ń pẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti gé e, tí ó sì fi ń kọjá òkun kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò rà á.

Irú ọgbọ́n kan náà wà lára àwọn igi tí ó ti wà ní àyíká ilé ní Ìjẹ̀bú. Bougainvillea, tí ó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ewé aláwọ̀ ni ó fi ń tan ojú. Òdòdó rẹ̀ gan-an jẹ́ ohun funfun kékeré tí ó wà láàárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mussaenda erythrophylla, ọmọ igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: ohun pupa fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó rí bí ewé lára rẹ̀ jẹ́ apá kan ife tí ó gbé òdòdó ró. Ẹni tí ó bá ń wá irú ẹwà Protea kò ní láti lọ jìnnà kí ó tó rí i.

3.3 Gbòǹgbò àti oúnjẹ

Ibi tí ìdílé yìí ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ igi ni gbòǹgbò. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wá kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀. Nítorí náà, wọ́n ń yọ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀, tí ó sì ṣù jọ bí irun ìgbálẹ̀, sí ìpele òkè ilẹ̀. Helen Purnell ni ó fún irú gbòǹgbò yìí ní orúkọ nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1960. Gbòǹgbò náà ń tú omi kíkan sínú ilẹ̀, omi náà sì ń yọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kí igi lè fà á mu.

Láti inú èyí ni òfin pàtàkì jùlọ nínú ìtọ́jú wọn ti wá. Igi tí ó ti kọ́ bí a ti ń wá oúnjẹ kékeré kiri kò mọ bí a ti ń kọ oúnjẹ púpọ̀. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò fà á mu ju bí ó ti yẹ lọ. Ewé wọn yóò pọ́n, etí ewé yóò jó bí ẹni pé iná rà á, igi náà yóò sì kú díẹ̀díẹ̀. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tí ó wà ní ọjà, àti ìgbẹ́ adìyẹ tí àwọn ọlọ́sìn ń kó fún àwọn aládùúgbò, ni oúnjẹ tí ó tètè ń pa wọ́n. Onílé tí ó rí i pé ewé igi rẹ̀ ń pọ́n yóò rò pé ebi ni ó ń pa á. Yóò tún fi ajílẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó fi owó rà.

4.0 Èyí tí Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú Lè Gbà àti Èyí tí Kò Lè Gbà

Àwọn Protea, Leucospermum àti Leucadendron tí a mọ̀ sí òdòdó ọjà ti wá láti apá Cape ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀, ìgbà ooru sì ni ilẹ̀ ń gbẹ. Ní Ìjẹ̀bú, ìgbà tí ooru àti ọ̀rinrin bá pàdé ni òjò ń rọ̀ jù. Ìpàdé ooru àti omi yìí ni ó ń fún àrùn gbòǹgbò ní àyè. Èyí tí a bẹ̀rù jù nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni ti Phytophthora cinnamomi, ohun àìfojúrí kan tí a kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ lára igi kínámónì ní Sumatra ní 1922. Inú omi ilẹ̀ ni ó ń gbà lúwẹ̀ẹ́ láti ara gbòǹgbò kan dé òmíràn. Igi tí ó bá mú lè wà ní títutù lónìí, kí ó rọ lọ́la, kí ó sì gbẹ pẹ̀lú gbogbo ewé rẹ̀ lára. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ náà kò tún dára fún irú igi bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu láti gbin àwọn igi Cape sí ilẹ̀ gbalasa ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè. Bí a bá fẹ́ dán an wò rárá, inú ìkòkò ni.

Àwọn ọmọ ìdílé náà tí wọ́n wá láti apá ìlà-oòrùn Austrálíà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà ooru, súnmọ́ ohun tí Ìjẹ̀bú lè gbà. Mẹ́ta ni ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Grevillea robusta jẹ́ igi gíga tí ewé rẹ̀ rí bí ti ìmọ̀ òdú, tí òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ ọsàn. Àwọn àgbẹ̀ Kẹ́ńyà àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká ń gbìn ín púpọ̀ sí oko fún ibòji, igi ìdáná àti pákó. Ó lè ga ju 20 mítà lọ. Kì í ṣe igi tí a ń gbìn sí ẹ̀bá ògiri. Grevillea banksii kéré sí i, òdòdó rẹ̀ pupa, ó sì bá ọgbà ilé mu ní ti ìwọ̀n. Ẹ̀kẹta ni makadámíà, tí ewé rẹ̀ ń dán, tí òdòdó rẹ̀ sì ń ṣù bọ̀lọ̀jọ̀, tí ó sì tún ń so èso tí a ń jẹ.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Omi ara àti òdòdó Grevillea méjèèjì lè mú kí ara yún ẹlòmíràn, kí ó sì léròrò. Kò yẹ kí ọmọdé máa fi wọ́n ṣeré. Ẹ̀pà makadámíà, tí ó jẹ́ oúnjẹ fún ènìyàn, jẹ́ májèlé fún ajá. Grevillea banksii sì ti di igi tí ń tàn kálẹ̀ láìgbàṣẹ ní Hawaii àti ní Madagásíkà, tí ó ń gba àyè mọ́ àwọn igi ìbílẹ̀ lọ́wọ́. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

5.0 Ọ̀nà Gbígbìn àti Ìtọ́jú

5.1 Àyè

Oòrùn ni ohun àkọ́kọ́. Igi ìdílé yìí ń fẹ́ oòrùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn tí ń fẹ́ kọjá láàárín ẹ̀ka wọn kí ewé lè tètè gbẹ lẹ́yìn òjò. Abẹ́ igi máńgòrò kò dára fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀rọ̀ ilé tí ògiri ti dí afẹ́fẹ́ mọ́. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni sìmẹ́ńtì. Ní ẹ̀bá ilé tuntun, èérún sìmẹ́ńtì àti àpòpọ̀ tí àwọn bíríkìlà dà nù ti wọ inú ilẹ̀, wọ́n sì ti sọ ilẹ̀ náà di ohun tí kò kan mọ́. Igi tí ó fẹ́ ilẹ̀ kíkan kò ní rọrùn níbẹ̀. Fún ìdí kan náà, a kò gbọdọ̀ da eérú sí ìdí wọn.

5.2 Ilẹ̀

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí amọ̀ wà, kò tó kí a gbẹ́ kòtò kí a sì kó iyanrìn sínú rẹ̀. Kòtò bẹ́ẹ̀ yóò di àmù: omi láti ọ̀tún àti òsì yóò ṣàn wọ inú rẹ̀, kò sì ní rí ibi jáde. Òkè ni kí a kọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ebè, ṣùgbọ́n kí ó fẹ̀ kí ó sì ga tó ìwọ̀n orúnkún. Iyanrìn tí kò kúnná ni kí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí a sì po èèpo igi tí ó ti jẹrà mọ́ ọn. Èèpo igi kò ṣọ̀wọ́n níbi tí a ti ń la gẹdú, ṣùgbọ́n kí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Tútù rẹ̀ yóò gba náítírójìn inú ilẹ̀ nígbà tí ó bá ń jẹrà. Ní Ògùn Waterside, iyanrìn ti wà nílẹ̀. Gíga ni a ń wá, kí gbòǹgbò lè jìnnà sí omi abẹ́ ilẹ̀.

5.3 Ìkòkò

Fún ẹni tí ó fẹ́ dán àwọn igi Cape wò, ìkòkò amọ̀ sàn ju ti rọ́bà lọ, nítorí pé ara rẹ̀ ń mí. Kí ihò ìdí rẹ̀ tóbi, kí a sì gbé e lé òkúta kí omi má baà dúró sábẹ́ rẹ̀. Nígbà òjò ńlá, kí a gbé e sábẹ́ ìbòrí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a gbé e síta. Ìkòkò ń jẹ́ kí onílé ṣe àkóso òjò, èyí tí ilẹ̀ gbalasa kò gbà á láàyè láti ṣe.

5.4 Irúgbìn, omi àti ìrẹ́ka

Irúgbìn púpọ̀ nínú àwọn igi Cape ń dúró de iná kí ó tó hù. Ní 1990, àwọn onímọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé èéfín fúnra rẹ̀ lè jí irúgbìn igi ilẹ̀ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn agbin-òdòdó ti ń rẹ irúgbìn sínú omi tí a ti fa èéfín gbà kọjá. Àwọn mìíràn ń hù láti ara ẹ̀ka tí a gé gbìn sínú iyanrìn. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá dára fún gbígbìn síta ní agbègbè yìí, kí igi lè fi ìgbẹ̀yìn òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kí a máa bomi rin ín ní òwúrọ̀, sí ìdí, kì í ṣe sí ewé.

A kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ ro ìdí wọn. Gbòǹgbò tí ń jẹun wà ní òkè ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ro ó ti gé ọwọ́ tí igi náà fi ń jẹun. Ọwọ́ ni kí a fi fa koríko, kí a sì fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀. Nígbà tí a bá ń gé òdòdó, kí a fi ẹ̀ka tí ó ní ewé tútù sílẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí a gé, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè rú láti ara igi tí kò ní ewé mọ́.

6.0 Ewu tí ó Wà nínú Òdòdó Àlejò

Títí dé ibi yìí, ohun tí ó kan onílé àti igi rẹ̀ ni a ti ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òdòdó kì í parí sínú ọgbà. Ògùn Waterside ní ẹ̀rí èyí ní ojú omi rẹ̀. Eichhornia crassipes, koríko orí omi tí ń tan òdòdó aláwọ̀ aró, jẹ́ ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà. Nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe gbé e láti ilẹ̀ kan dé òmíràn kárí ayé, tí wọ́n ń fi í sínú adágún ọgbà. Ní 1984 ni a rí i ní omi Nàìjíríà ní apá Badagry, lẹ́yìn tí ó ti gba ojú omi wá láti ilẹ̀ Benin. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn lọ sí àwọn ọ̀sà ìlà-oòrùn. Níbi tí oúnjẹ bá wà nínú omi, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, ó ń fa àwọ̀n ya, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí. Ohun tí ẹnì kan gbìn nítorí kí ojú rẹ̀ lè dùn ti di ohun tí ń gba oúnjẹ lẹ́nu apẹja.

Orí ilẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Koríko tí gbogbo àgbẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí ewé Akíntọ́lá, Chromolaena odorata, kì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ó sì ti di onílé nínú gbogbo igbó ọ̀dún. Pé ó ní orúkọ Yorùbá, tí a sì ń fi ewé rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́, fi hàn bí àlejò ti lè tètè gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Kò sí ìdí láti gbàgbọ́ pé Grevillea banksii, tí ó ti ṣe irú èyí ní Hawaii àti Madagásíkà, kò lè ṣe é níbòmíràn. Igbó Ọba Ọmọ, tí a yà sọ́tọ̀ ní 1925, tí UNESCO sì kà mọ́ àwọn agbègbè ìpamọ́ rẹ̀ ní 1977, wà nítòsí àwọn ìlú wọ̀nyí. Irúgbìn tí afẹ́fẹ́ lè gbé kò mọ ààlà láàárín ọgbà ilé àti igbó ọba.

Ìdí nìyí tí òfin fi wà pé kí a gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ Nigeria Agricultural Quarantine Service kí a tó kó irúgbìn tàbí ẹ̀ka igi wọ orílẹ̀-èdè. Àwọn kan ń wo òfin yìí bí ìdíwọ́, wọ́n sì ń fi irúgbìn pamọ́ sínú àpò ẹrù. Kì í ṣe igi nìkan ni wọ́n ń kó wọlé. Ilẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò lè gbé àrùn tí yóò kan kòkó àti píà aládùúgbò. Phytophthora cinnamomi tí a mẹ́nu bà lókè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí ń pa igi píà.

7.0 Àwọn Igi tí ó Ti Mọ Ilẹ̀

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Igi tí ó ti bá òjò àti ilẹ̀ agbègbè kan dàgbà kò nílò ebè gíga, ìkòkò tàbí omi èéfín. Àwọn tí ó tẹ̀lé yìí lè ṣe iṣẹ́ tí onílé ń wá Protea fún.

Akòko, Newbouldia laevis, ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. A mọ ewé rẹ̀ nídìí oyè jíjẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fi wo òdòdó rẹ̀, tí ó ní àwọ̀ àárín pupa àti àlùkò. Ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá gé gbìn nígbà òjò ń tètè ta gbòǹgbò. Ó ń dúró ṣánṣán, kì í gba àyè, nítorí náà ó dára fún ẹ̀bá ọgbà. Pèrègún, Dracaena fragrans, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Òórùn òdòdó rẹ̀ ní alẹ́ ni àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó lè fara da ibòji tí ọ̀pọ̀ fúláwà kò lè fara dà.

Fún àwọ̀ tí ń pe ojú láti òkèèrè, Mussaenda erythrophylla kò ní ẹgbẹ́. Kí a rẹ́ ẹ lẹ́yìn ìtànná kí ó lè ṣù jọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gun igi tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Clerodendrum splendens, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ń gun ọgbà, òdòdó rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyin iná. Thunbergia erecta ní òdòdó àlùkò tí àárín rẹ̀ jẹ́ ìyeyè. A lè gé e lóòrèkóòrè kí ó di ọgbà. Òrúrù, Spathodea campanulata, rẹwà ju gbogbo wọn lọ nígbà tí ó bá tanná, ṣùgbọ́n igi ńlá ni. Ẹ̀ka rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ nínú ìjì. Ìta gbangba ni àyè rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bá òrùlé.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó burú. Bougainvillea àti asúnwọ̀n òyìnbó ti wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ewé asúnwọ̀n òyìnbó sì wúlò fún àrùn ara. Ṣùgbọ́n Nerium oleander, tí a máa ń gbìn sí ojú ọgbà nítorí òdòdó rẹ̀, jẹ́ májèlé láti gbòǹgbò dé ewé. Kò yẹ kí ó wà nílé tí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ bá wà.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bí irú èyí fiyè sí. Bí Z. O. Gbile ti ṣe kó orúkọ ewéko Yorùbá jọ nínú ìwé tí ó jáde ní 1984, tí Pierre Verger náà sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde ní 1995, iṣẹ́ náà kò parí. Orúkọ akòko, pèrègún àti òrúrù kò sọ nù nítorí pé a ń lò wọ́n. Àwọn igi igbó tí ó tún rẹwà, tí a kò gbìn sí ilé, orúkọ wọn wà lẹ́nu àwọn ọlọ́dẹ, àwọn lékuléja àti àwọn àgbà díẹ̀. Nígbà tí a bá gé igbó, tí a sì da sìmẹ́ńtì sí gbogbo àgbàlá, igi náà àti orúkọ rẹ̀ jọ ń lọ ni. Ẹni tí ó bá gbin Mussaenda sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó sì bi àgbà kan léèrè orúkọ tí a ń pè é ní àdúgbò náà, ti gba ohun méjì là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé ìdílé Protea jẹ́ igi ilẹ̀ tálákà: iyanrìn, ilẹ̀ kíkan, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ àti omi tí kì í dúró. Amọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè kò bá a mu. Iyanrìn Ògùn Waterside súnmọ́ ohun tí ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ń bá a jà. Àwọn ọmọ Cape lè gbé inú ìkòkò lọ́wọ́ ẹni tí ó ní sùúrù. Grevillea robusta àti makadámíà lè gbé lórí òkè tí a kọ, níbi tí àyè bá wà. Grevillea banksii ni kí a fi sílẹ̀ níbi tí ó wà, nítorí ohun tí ó ti ṣe ní ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ajílẹ̀, eérú àti ọkọ́ ni ọ̀tá gbogbo wọn.

Ní ti onílé tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì fẹ́ kí òdòdó rẹ̀ di ìyà fún aládùúgbò, ọ̀nà tí ó kúrú jù ni kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi tí ó ti mọ ilẹ̀. Akòko, pèrègún, Mussaenda àti Thunbergia lè fún un ní àwọ̀ mẹ́rin láàárín ọdún méjì, láìgba ìwé àṣẹ, láìra ajílẹ̀. Bí ó bá tún fẹ́ Protea lẹ́yìn ìyẹn, ìkòkò kan tó fún ìdánwò.